Ohùn Ẹnìkan, Ọ̀rọ̀ Ẹlòmíràn: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Bruce Dickinson Akọrin

Kò sí àníàní pé àwọn kan nínú òǹkàwé ìwé ọdọọdún wa yìí yóò fà sẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá rí i pé orin heavy metal ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Wọn yóò ní ariwo lásán ni. Wọn yóò ní gítà tí a fi iná mànàmáná mú ké bí ìgbà tí a bá ń fi irin họ irin ni, àti pé ẹni tí ó bá ń wá ewì kò ní ohun tí yóò rí he níbẹ̀. Ẹ̀sùn yìí kì í ṣe tuntun. Ohun tí àwọn àlejò tí kò gbọ́ èdè wa sọ nípa ìlù àti orin àwọn baba wa náà nìyẹn, nítorí náà ó yẹ kí a ṣọ́ra gidigidi kí a tó fi ọ̀rọ̀ kan náà dá ẹlòmíràn lẹ́jọ́. Etí tí a kò tíì kọ́ ní ohun tí yóò máa gbọ́ fún ni ó máa ń pe orin ní ariwo.

Ẹni tí mo fẹ́ kí a yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò ni Bruce Dickinson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, akọrin ẹgbẹ́ tí ń jẹ́ Iron Maiden. A bí i ní ìlú Worksop ní ọjọ́ keje oṣù Kẹjọ ọdún 1958. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn ní Queen Mary College ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó bá ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Samson kọrin láti ọdún 1979 títí di ọdún 1981, kí ó tó bọ́ sínú Iron Maiden. Òun fúnra rẹ̀ ti kọ ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, èyí tí ó jáde ní ọdún 2017, nítorí náà n kò ní tún un sọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a tọ̀ lẹ́yìn. Iṣẹ́ mẹ́ta ni irú akọrin báyìí ń fi ọ̀nà ọ̀fun kan ṣoṣo ṣe: ó ń ṣẹ̀dá orin, ó ń kọ ọ́ sínú àwo, ó sì ń gbé e káàkiri ayé. Ǹjẹ́ àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí ń ran ara wọn lọ́wọ́ ni, tàbí ọ̀kan ń jẹ èkejì run? Èrò tèmi ni pé ọ̀kan ń jẹ èkejì, àti pé ìrìn-àjò ni ó ní ikùn jù nínú wọn. Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà kò ní gbà fún mi, nítorí lójú tiwọn, orí ìtàgé gan-an ni ọkùnrin yìí ti fi hàn pé òun mọ iṣẹ́ òun. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀rí.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ní láti fi sọ́kàn ni pé Dickinson kọ́ ni ó dá Iron Maiden sílẹ̀. Steve Harris, ẹni tí ń ta gítà béèsì, ni ó dá a sílẹ̀ ní apá ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1975, òun náà ni ó sì ṣẹ̀dá èyí tí ó pọ̀ jù nínú orin ẹgbẹ́ náà láti ìgbà náà wá. Nígbà tí Dickinson dé ní ọdún 1981, àwo ńlá méjì ti jáde, Paul Di'Anno ni ó sì kọrin nínú méjèèjì. Àlejò ni Dickinson nínú ilé tí ẹlòmíràn kọ́. Bí a bá fetí sílẹ̀ sí orin tí Harris ṣẹ̀dá, a ó rí i pé ohùn akọrin sábà máa ń bá ohùn gítà rìn ní ẹsẹ̀ kan náà, àti pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kún, wọ́n ń tẹ̀ lé ara wọn gírígírí láìsí àyè ìsinmi. Onítàn ni Harris. Ó fẹ́ ro ìtàn náà dé òpin. Kò jọ pé ó ronú púpọ̀ nípa ibi tí ẹni tí yóò kọ ọ́ yóò ti rí èémí mí.

Níhìn-ín, àwa tí a ń sọ èdè olóhùn ní àǹfààní kan tí àwọn lámèyítọ́ Òyìnbó kò ní. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ó ń pààlà láàrin ọ̀rọ̀ kan àti èkejì nínú Yorùbá. Akọrin wa kò lè gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ibi tí ó wù ú. Àwọn orin ìsìn tí a túmọ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì tí a sì fi ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì kọ fi èyí hàn wá kedere, nítorí pé títí di òní, àwọn ẹsẹ kan wà níbẹ̀ tí ẹni tí kò bá ti kà á nínú ìwé kò ní mọ ohun tí ìjọ ń wí. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ìdè yìí, ṣùgbọ́n ó ní tirẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sílébù kan ni a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ìyókù lọ, ibi tí ìlù bá sì ti wúwo ni ó yẹ kí sílébù náà bọ́ sí. Nígbà tí Harris bá ki ọ̀rọ̀ mẹ́wàá sí àyè mẹ́fà, sílébù tí ó yẹ kí ó wúwo á bọ́ síbi tí ó fúyẹ́, ọ̀rọ̀ náà á sì dà bí ẹni tí ń tiro. Ọgbọ́n tí Dickinson fi ń tún un ṣe ni pé ó máa ń fa fáwẹ́lì gùn títí ìlù yóò fi bá a, tàbí kí ó fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn kí ó sì dà wọ́n jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe ohun tí olùgbọ́ ń ṣàkíyèsí. Ẹni tí ó bá gbìyànjú láti kọ irú orin bẹ́ẹ̀ ni yóò mọ̀ pé wàhálà wà níbẹ̀.

Ọdún 1982 ni àwo tí ó kọ́kọ́ bá wọn ṣe, The Number of the Beast, jáde, ó sì gba ipò kìíní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá wo ẹ̀yìn àwo náà kò ní rí orúkọ Dickinson láàrin àwọn tí ó ṣẹ̀dá orin kankan níbẹ̀. Àdéhùn tí ó ti tọwọ́ bọ̀ nígbà tí ó wà nínú Samson ni ó dí i lọ́nà. Ó sì ti sọ lẹ́yìn náà pé òun lọ́wọ́ nínú díẹ̀ nínú àwọn orin náà. Báyìí ni iṣẹ́ rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀: ohùn rẹ̀ ni gbogbo ayé gbọ́, ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ kò sì jẹ́ tirẹ̀ lójú ìwé.

Ìtàn kan wà nípa ìgbohùnsílẹ̀ àwo yìí tí ó kọ́ wa ní ohun púpọ̀. Martin Birch ni olùdarí ìgbohùnsílẹ̀ wọn, ẹni tí ó ti bá Deep Purple àti Black Sabbath ṣiṣẹ́ rí. Orin tí ó jẹ́ orúkọ mọ́ àwo náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ń sọ àlá burúkú tí ó lá fún ara rẹ̀ nìkan. Ìlà mélòó kan péré ni. Birch mú kí Dickinson kọ ọ́, kí ó tún un kọ, kí ó sì tún un kọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, títí inú fi bí ọkùnrin náà tí ó sì ń ju àga kiri. Lẹ́yìn èyí ni igbe gígùn tí ó tẹ̀ lé àwọn ìlà náà jáde, igbe tí gbogbo olùgbọ́ irú orin yìí mọ̀. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn náà nítorí igbe yẹn. Lójú tèmi, àwọn ìlà jẹ́jẹ́ ni ó yẹ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ Birch fún. Ẹnikẹ́ni tí ó ní agbára lè ké. Ṣùgbọ́n láti mú kí ohùn kéré kí ó sì ṣì wúwo, iṣẹ́ ni. Inú yàrá ìgbohùnsílẹ̀ nìkan ni a ti lè fi ọ̀pọ̀ wákàtí wá ohun tí kò ju ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Ojú ọ̀nà kò fún ẹnikẹ́ni ní irú àkókò bẹ́ẹ̀.

Láti ọdún 1983 ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí orúkọ rẹ̀ lára àwọn tí ń ṣẹ̀dá orin. Nínú àwo Piece of Mind tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Nassau ní erékùṣù Bahamas, òun nìkan ni ó ṣẹ̀dá Revelations, òun àti Adrian Smith onígítà sì jọ ṣẹ̀dá Flight of Icarus. Nípa Revelations, n kò bá àwọn tí ń yìn ín láìkù síbì kan dọ́gba. Ẹsẹ orin ìsìn kan tí G. K. Chesterton kọ ni ó fi ṣí i, lẹ́yìn náà ó kó àmì ìjìnlẹ̀ ẹ̀sìn Íńdíà àti ti awo àwọn Òyìnbó dà sí i. Iṣẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ti ka ìwé púpọ̀ tí kò sì fẹ́ fi ọ̀kankan sílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n orin náà ń mí. Àyè wà láàrin ọ̀rọ̀ àti ọ̀rọ̀, ohùn ń lọ sókè lọ sílẹ̀ bí ó ti wù ú, nítorí pé ẹni tí yóò kọ ọ́ ni ó ṣẹ̀dá rẹ̀. Ní ti Flight of Icarus, ìjà tí ó wà lórí rẹ̀ kò ju ìjà eré sísá lọ: Harris fẹ́ kí ó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, Dickinson sì fẹ́ kí ó máa rìn wúyẹ́wúyẹ́. Dickinson ni ó borí nínú àwo. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún 1986, ẹgbẹ́ náà kò kọ orin yìí lórí ìtàgé mọ́ títí di ọdún 2018. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ẹ wo bí olórí ẹgbẹ́ ti lè borí láìsọ̀rọ̀.

Àwo Powerslave jáde ní ọdún 1984. Èmi kò ní pẹ́ lórí rẹ̀, àfi lórí orin kan tí ó gùn ju ìṣẹ́jú mẹ́tàlá lọ, tí Harris gbé ka orí ewì Coleridge nípa arúgbó atukọ̀ tí ó pa ẹyẹ tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Nínú orin yẹn ọ̀rọ̀ ènìyàn méjì ni ó wà lẹ́nu Dickinson, ti akéwì tí ó ti kú láti ọdún 1834 àti ti ọ̀gá rẹ̀ onígítà. Iṣẹ́ arókin ni ó ń ṣe níbẹ̀. Ó yí ohùn padà nígbà tí ìjì bá jà, ó fà á sẹ́yìn nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dúró tí ọkọ̀ kò sì lè lọ, ó sì jẹ́ kí ìtàn náà jẹ́ ti atukọ̀ láìsọ ọ́ di tirẹ̀.

Nígbà tí ó yá ni ìrìn-àjò dé. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹjọ ọdún 1984, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Warsaw ní ilẹ̀ Pólándì, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Kọ́múnísítì nígbà náà. Oṣù Keje ọdún 1985 ni wọ́n tó parí rẹ̀ ní California. Láàrin oṣù mọ́kànlá wọ̀nyí, eré tí wọ́n ṣe lé ní 180. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò dáadáa. Onígítà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń dùn ún lè fi òróró pa á, okùn gítà tí ó bá já, a lè so òmíràn. Ọ̀fun akọrin kò ní ààrọ̀. Kì í sì í ṣe pé ó dúró sójú kan kọrin; ó ń sáré láti ìkángun ìtàgé kan dé èkejì, ó ń gun àwọn ohun tí a fi ṣe ìtàgé náà ní àwòrán ilẹ̀ Íjíbítì àtijọ́, ó ń dé ìbòjú oníyẹ̀ẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń kọ orin tí ó jẹ́ orúkọ mọ́ àwo náà. Èémí tí ẹsẹ̀ bá ti ná, ohùn kò ní í ná an mọ́.

Àwo Live After Death tí ó jáde ní ọdún 1985 ni ẹ̀rí tí a lè gbé lé orí tábìlì. Ní Long Beach, California, ni wọ́n ti gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún náà, nígbà tí ìrìn-àjò ti lé ní oṣù méje. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ni ó kà á sí àwo orí ìtàgé tí ó dára jù lọ nínú irú orin yìí, n kò sì ní ìjà bá wọn jà lórí agbára tí ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi í wé àwo tí a ṣe ní yàrá yóò gbọ́ pé Dickinson ń gé ìparí ìlà kúrú, ó ń fi ohùn ìsàlẹ̀ rọ́pò ohùn òkè níbi kan, ó sì ń ké sí àwọn èrò pé kí wọ́n ké fún òun. Àwọn èrò rò pé ó ń mú inú wọn dùn ni. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ó sì tún ń sinmi. Àwọn tí ó ti gbọ́ elégbè gba orin lẹ́nu ọ̀gá wọn nígbà tí ilẹ̀ bá fẹ́ mọ́ mọ ohun tí mò ń wí.

Ohun tí ìrìn-àjò yẹn ná an kò hàn títí di ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà jókòó láti ṣe àwo Somewhere in Time, tí ó jáde ní ọdún 1986, Dickinson kó orin tirẹ̀ wá. Orin jẹ́jẹ́ ni wọ́n, tí a fi gítà aláìníná ṣe. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ wọ́n. Àwa kò gbọ́ àwọn orin náà, a kò sì lè sọ bóyá ó tọ́ kí a kọ̀ wọ́n tàbí kò tọ́. Ó ṣeé ṣe kí Harris jàre, nítorí ẹni tí ó rẹ̀ kì í sábà mọ ìyàtọ̀ láàrin ohun tí ó fẹ́ àti ohun tí ó dára. Ohun tí a mọ̀ ni pé orin mẹ́jọ ni ó wà nínú àwo yẹn, kò sì sí ọ̀kan ṣoṣo tí Dickinson lọ́wọ́ nínú ìṣẹ̀dá rẹ̀. Ẹni tí ó ti ń gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀ láti ọdún 1983 tún padà di ẹnu fún ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn.

Síbẹ̀, inú àwo yìí gan-an ni orin kan wà tí ó fẹ́ da èrò mi rú. Wasted Years ni; Adrian Smith ni ó ṣẹ̀dá rẹ̀. Ẹni tí ó ti pẹ́ lójú ọ̀nà, tí kò mọ ilé rẹ̀ mọ́, tí ó sì ń kìlọ̀ fún ara rẹ̀ pé kí ó má ṣe fi ọjọ́ òní ṣòfò ní wíwá ọjọ́ àná, ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Nínú gbogbo ẹgbẹ́, ọ̀fun Dickinson ni ìrìn-àjò náà kọjá lára rẹ̀ jù. Ó kọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn yìí bí ẹni tí ń jẹ́rìí nílé ẹjọ́. Bí wọ́n bá bi mí pé orin ta ni, n kò ní lè sọ pé ti Smith nìkan ni.

Ẹnìkan lè wá bi mí pé àbùkù wo ni ó wà nínú kí ènìyàn kọ ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Oníjàálá kò dá oríkì ẹranko sílẹ̀ fúnra rẹ̀, asunrárà kò sì dá oríkì orílẹ̀ ẹni tí ó ń kì sílẹ̀. Àwọn méjèèjì jogún ọ̀rọ̀ ni, bí wọ́n ti gbé e jáde ni a fi ń yìn wọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àjogúnbá ti gba ẹnu púpọ̀ kọjá kí ó tó dé ẹnu oníjàálá, àwọn ẹnu náà ti fi eyín gé e dé ìwọ̀n èémí ènìyàn. Ọ̀rọ̀ Harris jáde láti orí béèsì lánàá, ó sì gbọ́dọ̀ dé inú makirofóònù lónìí. Ọ̀fun ẹnìkan ṣoṣo ni ó ní láti ṣe iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ìran ń ṣe fún oríkì.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí Dickinson kúrò fi èyí hàn. Ó fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1993. Blaze Bayley ni ó rọ́pò rẹ̀, ó sì bá wọn ṣe àwo méjì, ní ọdún 1995 àti 1998. Ohùn Bayley wúwo, ó sì wà nísàlẹ̀ ju ti Dickinson lọ, ṣùgbọ́n ó ní láti kọ àwọn orin àtijọ́ níbi gíga tí Dickinson ti ń kọ wọ́n, ní alẹ́ dé alẹ́. Ọ̀fun rẹ̀ kò sì lè gbà á, a sì ní láti fagi lé àwọn eré kan. Wọ́n bú u púpọ̀. Èmi kò rí ẹ̀bi rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Aṣọ tí a dá fún ẹnìkan ni wọ́n gbé wọ ẹlòmíràn, wọ́n sì ń bínú pé kò gùn tó. Sign of the Cross, tí a ṣe fún ohùn tirẹ̀ ní ọdún 1995, dára púpọ̀. Nígbà tí Dickinson padà tí òun náà sì ń kọ ọ́ lórí ìtàgé, ó gbé e ga, ṣùgbọ́n òkùnkùn tí Bayley fi sínú rẹ̀ ti lọ.

Kí a má baà ṣe ojúsàájú, a gbọ́dọ̀ mẹ́nu ba ìrìn-àjò kan tí kò jẹ orin run. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1994, nígbà tí ogun ti ká ìlú Sarajevo mọ́ láti ọdún 1992, Dickinson àti àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ nígbà náà gun ọkọ̀ akẹ́rù lóru gba orí òkè Igman wọ inú ìlú náà, wọ́n sì kọrin fún àwọn ọ̀dọ́ tí ìbọn kò jẹ́ kí wọ́n jáde. A ti fi ìtàn náà ṣe sinimá. Eré kan ṣoṣo ni, ní ìlú kan ṣoṣo. N kò lè fi ìwọ̀n tí a fi ń wọn ìrìn-àjò ọdún 1984 wọ̀n ọ́n, nítorí pé àwọn tí ó gbọ́ ọ kò wá wò bóyá ohùn rẹ̀ dé òkè.

Láàrin ọdún mẹ́fà tí ó fi wà lẹ́yìn ẹgbẹ́ náà, iṣẹ́ rẹ̀ kò dọ́gba. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí ó ń sáré tẹ̀ lé àṣà tí ó wà lóde, a kò sì pàdánù ohunkóhun bí a kò bá gbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n The Chemical Wedding tí ó jáde ní ọdún 1998 yàtọ̀. Òun àti Roy Z ni ó ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, William Blake, akéwì àti ayàwòrán, ni ó sì fi ṣe ìpìlẹ̀. Ẹ fi í wé Revelations ti ọdún 1983. Ìwé púpọ̀ ni ó kà nígbà náà, ìwé púpọ̀ ni ó kà nísinsìnyí, ṣùgbọ́n ó ti kọ́ láti yan ọ̀kan kí ó sì jókòó tì í. Lójú tèmi, ọdún márùn-ún tí kò fi gbé orin Harris kiri ni ó fún un ní ìjókòó yẹn.

Ní ọdún 1999 ó padà sí Iron Maiden, Adrian Smith náà sì padà pẹ̀lú rẹ̀. Brave New World jáde ní ọdún 2000. Ìlú Paris ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, gbogbo wọn sì jọ ń lu ohun èlò wọn pa pọ̀ nínú yàrá kan bí ẹni tí ó wà lórí ìtàgé. Ó ti di awakọ̀ òfuurufú nígbà náà, ó sì ń fi í ṣiṣẹ́ ṣe. Ní ọdún 2008, òun fúnra rẹ̀ ni ó wa ọkọ̀ Boeing 757 tí ó gbé ẹgbẹ́ náà, àwọn òṣìṣẹ́ wọn àti ẹrù wọn yí ayé ká. Àwọn oníròyìn kò jẹ́ kí a gbádùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí, bí ẹni pé a ń gbọ́ ọkọ̀ òfuurufú nínú orin. N kò bá tí mẹ́nu bà á bí kò bá ṣe nítorí orin tí ó kàn.

Orin náà ni Empire of the Clouds, tí ó parí àwo The Book of Souls ti ọdún 2015. Dickinson nìkan ni ó ṣẹ̀dá rẹ̀, orí píánò ni ó sì ti ṣẹ̀dá rẹ̀. Ìṣẹ́jú méjìdínlógún ni. Ìtàn R101 ni ó ń sọ, ọkọ̀ òfuurufú ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kàn, tí gáàsì háídírójìn ń gbé sókè, tí gígùn rẹ̀ lé ní 230 mítà. Ó gbéra láti Cardington ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹwàá ọdún 1930, ó ń lọ sí Karachi. Ní òru ọjọ́ náà, nínú ìjì àti òjò, ó já lulẹ̀ lẹ́bàá Beauvais ní ilẹ̀ Faransé, ó sì gbiná. Ènìyàn 54 ni ó wà nínú rẹ̀. 48 kú, mínísítà ìjọba tí ń bójú tó ọ̀ràn òfuurufú sì wà lára wọn.

Bí orin náà ti bẹ̀rẹ̀ yẹ fún àkíyèsí. Píánò nìkan ni, Dickinson fúnra rẹ̀ ni ó ń tẹ̀ ẹ́, kì í sì í ṣe bí ọ̀gá atẹdùùrù. Ìka rẹ̀ ń lọ bí ẹni tí ń wá ọ̀nà nínú yàrá tí kò tíì tan iná. Lẹ́yìn náà ohùn wọlé ní ìsàlẹ̀. Kí ó tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, kí ó tó sunkún, ó kọ́kọ́ kí ọkọ̀ náà ni. Ó ń sọ títóbi rẹ̀, ó ń sọ ẹwà rẹ̀, ó ń pè é bí ẹni pé ẹ̀dá alààyè ni. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ oríkì rí yóò mọ ohun tí ó ń ṣe: a kì í sunkún ẹni tí a kò tíì kì. Nígbà tí ìjì dé, ìlù àti gítà bẹ̀rẹ̀ sí í lu àmì SOS gẹ́gẹ́ bí àwọn oníwáyà ti ń tẹ̀ ẹ́, kúkúrú mẹ́ta, gígùn mẹ́ta, kúkúrú mẹ́ta, láìsí ọ̀rọ̀ kankan. Ẹ̀kọ́ ìtàn tí ó kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù wà níbẹ̀, iṣẹ́ awakọ̀ rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ó mọ ohun tí ẹrù àpọ̀jù ń ṣe fún ọkọ̀, ó mọ ohun tí ó wà lọ́kàn ọ̀gá ọkọ̀ tí àwọn olóṣèlú ń ti lẹ́yìn pé kí ó gbéra. Kò pariwo lé e lórí. Ó sọ ọ́ bí ìròyìn.

Àléébù wà nínú rẹ̀. Ní ìdajì kejì, àwọn ìlà kan gbẹ bí ìwé ìròyìn, ó sì jọ pé ó fẹ́ mẹ́nu kan gbogbo ohun tí ó kà nínú àkọsílẹ̀ ìwádìí. Apá gítà ní àárín gùn ju bí ìtàn ti fẹ́ lọ. Òórùn Harris ni mo gbọ́ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ohùn ọkùnrin ọmọ ọdún 56 kò dé òkè bí ti ọdún 1982, nígbà tí ó bá sì fẹ́ dé ibẹ̀, a ń gbọ́ họ́hó nínú ọ̀fun rẹ̀. Àbùkù kọ́ ni mo ka èyí sí. Orin tí ń sọ nípa ohun ńlá tí kò lè gbé ara rẹ̀ sókè mọ́, ohùn tí ń tiraka yẹ ẹ́ ju èyí tí ń fò lọ. Nínú ohun gbogbo tí ó ti ṣe, èyí ni mo gbé sí iwájú, iwájú Powerslave pẹ̀lú, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ràn orin eléré-sísá yóò bá mi jiyàn lé e.

Àwo náà ti parí ní gbígbà sílẹ̀ ní ìparí ọdún 2014 kí àwọn dókítà tó rí àrùn jẹjẹrẹ ní ẹ̀yìn ahọ́n rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú oògùn àti ìtànṣán, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015 sì ni wọ́n kéde pé ara rẹ̀ ti mọ́. Oṣù mẹ́wàá ni ó fi wà kí ó tó tún jáde síwájú èrò. Ní oṣù Kejì ọdún 2016, ìrìn-àjò tún bẹ̀rẹ̀ ní Florida, wọ́n sì fi ọkọ̀ Boeing 747 ṣe é lọ́tẹ̀ yìí. Dickinson tún kàwé láti gba àṣẹ wíwà á, òun ni ó sì wà ní ìjókòó ọ̀gá ọkọ̀. Àwọn tí ó gbọ́ ọ ní ọdún náà sọ pé ohùn náà padà, mo sì gbà wọ́n gbọ́, nítorí àwo The Book of Souls: Live Chapter ti ọdún 2017 jẹ́rìí sí i. Orin mẹ́fà láti inú àwo tuntun náà ni ó wà nínú rẹ̀. Empire of the Clouds kò sí lára wọn, wọn kò sì kọ ọ́ ní alẹ́ kan nínú ìrìn-àjò náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ orin tí Dickinson fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin yóò jókòó sílé, yóò sì fi àwo sí ẹ̀rọ.